Mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bèèrè "kí ló dé" ní Kábà: bó ṣe rí nìyí

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọn yóò ti máa pè yín ní ọ̀mọ̀ràn, ẹ jókòó sílé yín. Nínú ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tó mọ nǹkan ló ń jìyà jù, torí gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni wọ́n á bi í pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọ, olóṣèlú kankan ò sì sí nídìí rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn mọ́ ni, tí wọ́n ń pàdé ní kíláàsì kan ní Kábà lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, láti tú ìbéèrè kan ṣoṣo palẹ̀. Wọn ò tíì fún un lórúkọ.

Télọ̀ ni mí. Mo sọ ìyẹn nítorí àwọn tó rò pé ẹni tó gboyè yunifásítì nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá a sílẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ Benjamin Franklin lòun ti wo àwòkọ́ṣe. Ní 1727, ní Philadelphia, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Franklin tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Junto. Alẹ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Aránbàtà wà láàárín wọn, káfíńtà wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé náà ò gbẹ́yìn. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn lọkàn mi balẹ̀. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìkàwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dáwó sí, ní 1731. Tiwa ò tíì dé ibẹ̀ o. Àpótí ìwé kan ló wà ní igun kíláàsì, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìbéèrè WAEC àtijọ́.

Ohun tó mú kí ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀ ni òfin kan tí wọ́n yá lọ́dọ̀ Franklin. Nínú Junto, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lè ṣì í sọ, tàbí tó já ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ní koro, á san owó ìtanràn díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ₦200 ni. Bí ẹ bá ti ní "Kò sí àní-àní", "Gbogbo ayé ló mọ̀", tàbí "Irọ́ ni", ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn. "Lójú tèmi" ò ní owó lórí. "Ohun tí mo gbọ́ ni pé" náà ò ní.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yìí ń ṣe láàárín àwa Okun, àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí ọmọdé kì í ti í wojú àgbà kó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní ká já àgbà. Ẹ ó kàn bi í ní ìbéèrè ni: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí la lè fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí?" Àgbà náà á sì dáhùn, torí ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń wádìí ìdí tí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ fi máa ń tóbi lójú, ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó sún mọ́ wa nígbà náà ni. Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo wa ń wo agolo owó. Bàbá mú ₦500 jáde, ó ní kí wọ́n má fún òun ní ṣéńjì, torí ọ̀rọ̀ òun kò tíì tán.

Àgùnbánirọ̀ kan ló wá bi Bàbá bóyá wọ́n lè na ọwọ́ gbọọrọ kí wọ́n fi èékánná ìka tó kéré jù bo òṣùpá náà, nígbà tó bá ń yọ, àti nígbà tó bá gun àárín ọ̀run. Bàbá lọ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n jẹ́wọ́ pé èékánná bò ó nígbà méjèèjì. Kódà òṣùpá tó ń yọ fi nǹkan bíi kìlómítà 6,400 jìnnà sí wa ju èyí tó wà lókè orí wa lọ. Ojú wa ló ń tàn wá. Ìdí tó fi ń tàn wá, àwọn onímọ̀ gan-an ò tíì fẹnu kò lé e lórí.

Ìpàdé tó dùn mọ́ mi jù ni ti aṣọ ìpò, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú tí wọ́n ń lò nígbà ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì, tí àwọn eégún náà sì ń wọ̀. Ara bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn tó wá láti òkè òkun ni wọ́n ti máa ń tú òwú pupa rẹ̀. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni pé ṣé a lè pè é ní aṣọ ìbílẹ̀. Arákùnrin kan ní lójú tòun, ti òyìnbó ni. Màmá kan láti Bùnú rọra bi í pé, "Ọmọ mi, òyìnbó wo lo rí tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sin ìjòyè?" Mo ju tèmi náà sí i: léèsì tí mo ń rán fún ìgbéyàwó, Austria ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá láti nǹkan bíi 1960 síwájú, síbẹ̀ n kò rí oníbàárà kan tó ní kí n bá òun rán aṣọ ilẹ̀ Austria. Wọ́n wá bi mí: Àǹtí Télọ̀, ṣé ẹni tó hun aṣọ ló ni ín, àbí ẹni tó mọ ohun tó ń fi ṣe? Mo dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, a ò sì rí i parí.

Àwọn ìpàdé kan wà tó já sí asán. Èyí tí a fi sọ̀rọ̀ nípa 1897 yẹ kó dùn gan-an. Oṣù kìíní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kábà, kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, olú-ìlú àwọn Nupe tó ń jẹ gàba lé wa lórí nígbà náà, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáǹdè ló dé bá wa lọ́wọ́ àwọn Nupe, àbí a kàn pààrọ̀ ọ̀gá. Kí a tó mọ̀, oríkì ìdílé ló gba ibẹ̀ kan. Oníkálukú ń sọ ohun tí bàbá ńlá tirẹ̀ fojú rí. Ẹni tó ń darí ìpàdé ò dá ẹnikẹ́ni dúró, agolo ò sì gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó kù: Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le díẹ̀, àwọn olùkọ́ á fò sínú Gẹ̀ẹ́sì, màmá Bùnú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á sì dákẹ́. Mo ti ní kí wọ́n fi owó ìtanràn lé ìyẹn náà. Àwa obìnrin kéré níbẹ̀, torí ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ pọ̀ jù, àwa la sì ń dáná. Àwọn ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kì í sábà wá nítorí ọ̀nà, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń mú ìbéèrè tuntun wá, ọdún kan péré, wọ́n ti lọ. Kò sì sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, débi pé lọ́la, àwọn ọmọ tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òṣùpá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. ₦500 lóṣù ni wọ́n ń gbà fún omi àti epo jẹnẹrétọ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ wá. Aago mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, aago mẹ́rin náà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.