Kíláàsì tàbí inú omi: níbo ló yẹ ká ti kọ́ ọmọ iléèwé kó má bàa rì sómi?

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kò náni lówó púpọ̀: okùn kan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, àti àyè gbalasa. Ti inú omi ń fẹ́ omi mímọ́ tí kò mu ọmọ kọjá àyà, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, àti ẹnìkan tí kò níṣẹ́ míì ju kó máa ṣọ́ wọn lọ.

Nínú kíláàsì, gbogbo ọmọ lè mọ̀ lọ́jọ́ kan náà pé ẹni tó ń rì kì í sábà lè pariwo, àti pé a kì í bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é: ọmọ á ké pe àgbà, á ju kẹ́ẹ̀gì tí a so mọ́ okùn kọjá èjìká ẹni tó wà lómi, á wá dojú bolẹ̀ kó tó máa fà á. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbàgbé láti fẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn mọ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á sì bá kẹ́ẹ̀gì lọ.

Àmọ́ ẹnu kò lè kọ́ni bí a ṣe ń léfòó. Inú omi ni ọmọ ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fẹ̀yìn lé omi, kí etí wọ omi, kí àgbọ̀n yọ sókè. Tó bá gbórí sókè, ìdí á rì. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ lè gbójú lé e wọ odò tó ń ṣàn.

Bí ọmọ bá pọ̀ tí olùṣọ́ kò tó, ẹ dúró sí kíláàsì. Ọmọ tó ti lé lọ́dún 6, tó sì ń gba etí odò lọ síléèwé, inú omi ló yẹ kẹ́ ẹ mú un dé, lẹ́yìn tó bá ti mọ ti okùn.