Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń wá gáàsì: èwo nínú mẹ́ta lẹ fẹ́ fi owó yín sí?

Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lórí ọjà ìpín ìdókòwò, àmọ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà fún yín. Àkọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ àti àwòrán abẹ́ ilẹ̀, kò tíì gbẹ́ kànga tó bá gáàsì. Èkejì ti bá gáàsì, kò tíì rí i tà. Ẹ̀kẹta ń tà á lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ kéré. Ìrètí tó tọ́ lára ọ̀kan lè jẹ́ ẹ̀tàn lára èkejì, nítorí náà kí ẹ tó béèrè bóyá ìpín náà wọ́n tàbí ó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń wò.

| | Tó ṣì ń wá | Tó ti rí | Tó ń tà |
|---|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ń rà | Ìfura àwọn onímọ̀ àpáta | Gáàsì tí kò tíì lọ́nà sí ọjà | Owó tó ń wọlé |
| Orúkọ gáàsì náà nínú ìròyìn | Prospective resources | Contingent resources | Reserves |
| Owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ | Ìpín tuntun tí wọ́n ń tà | Ìpín tuntun, alájọṣe, gbèsè | Gáàsì tí wọ́n tà |
| Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ | Kànga gbígbẹ | Àìsí páìpù, àìsí oníbàárà, owó tó tán | Omi nínú kànga, ìfúnpá tó ń lọ sílẹ̀ |

Bí a ṣe ń ka iye gáàsì

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ìlànà PRMS, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà epo rọ̀bì, SPE, àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018. Inú ìlànà yẹn ni orúkọ mẹ́ta tó wà lókè yìí ti wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè. Ẹ ó rí 1U, 2U, 3U fún ohun tí wọ́n ṣì ń wá. 1C, 2C, 3C fún ohun tí wọ́n ti rí. 1P, 2P, 3P fún ohun tó ṣeé tà lérè. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ túmọ̀ sí pé, bí gáàsì bá wà níbẹ̀, ó kéré tán ìgbà 90 nínú 100 ni yóò tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òkè kì í tó bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 10 lọ. Ti àárín ni kí ẹ máa lò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa mean, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo nọ́ńbà tó ṣeé ṣe, dípò 2U, ẹ mọ̀ pé mean sábà máa ń ga ju 2U lọ, torí nọ́ńbà òkè tó tóbi jọjọ ló ń fà á sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni gross àti net. Gross ni gbogbo gáàsì inú ilẹ̀ náà. Net ni èyí tó kan ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rà. Bí gross bá jẹ́ 400 Bcf, ìyẹn bílíọ̀nù 400 ẹsẹ̀ kúbíìkì, tí ilé-iṣẹ́ sì ní ìdajì, 200 Bcf ni ti ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ tún wo bóyá gáàsì tó wà nínú àpáta ni wọ́n ń kà, tàbí èyí tó lè jáde. Nínú àpáta tí gáàsì ń rìn dáadáa, ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún lè jáde. Nínú àpáta tó há, ó kéré sí bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Wọ́n sì máa ń yí 6,000 ẹsẹ̀ kúbíìkì padà sí àgbá epo rọ̀bì kan. Agbára iná inú wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iye tí wọ́n ń tà wọ́n kò dọ́gba. Ẹ má fi iye àgbá epo díwọ̀n gáàsì.

Èyí tó ṣì ń wá

Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pé lábẹ́ ilẹ̀: àpáta tó bí gáàsì, àpáta oníhò wínníwínní tó gbà á sínú, ìrísí àpáta tó dá a dúró bíi pàkúté, àti ìdérí tí kò jẹ́ kó sá. Ká ní àwọn onímọ̀ fún wọn ní 0.8, 0.6, 0.7 àti 0.6 nínú 1, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, 0.2 ni ẹ ó rí, ìyẹn ni pé mẹ́rin nínú kànga márùn-ún irú rẹ̀ yóò gbẹ. Bí 200 Bcf bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, 40 Bcf ni kí ẹ fi sọ́kàn, kì í ṣe 200. Ìdá yẹn sì jẹ́ ti pé wọ́n máa bá gáàsì nìkan. Bóyá yóò mówó wọlé jẹ́ ìbéèrè mìíràn, ìdá tirẹ̀ sì kéré sí i.

Ìrètí ibí yìí kì í ṣe àsọdùn lásán. Cove Energy jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tó ní ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Area 1, ibùdó gáàsì kan lójú òkun Mòsáḿbíìkì. Ní 2012, PTTEP, ilé-iṣẹ́ epo ti orílẹ̀-èdè Thailand, ra gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn, péǹsì 240 lórí ìpín kan, lẹ́yìn tí òun àti Shell ti jọ fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ni ìpín gba owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gáàsì náà fúnra rẹ̀: ní oṣù kẹrin 2021, lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé ní Palma, TotalEnergies tó ń darí iṣẹ́ náà kéde pé agbára òun kò ká a mọ́, ó sì dá a dúró. Ọwọ́ ẹni tó ra ilé-iṣẹ́ ni èrè wọn ti wá, kò tíì sí gáàsì tí wọ́n tà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń wá ni pé: bí ẹ bá rí i, ta ni yóò fẹ́ rà yín, kí ni ìdí rẹ̀?

Ẹ tún mọ bí iye owó ìpín ṣe ń rìn. Ó máa ń gòkè bí ọjọ́ gbígbẹ́ kànga ṣe ń súnmọ́, torí ìrètí ló ń tì í. Àwọn tó ti rà á ṣáájú sábà máa ń tà ní àkókò yẹn, kí èsì tó jáde. Ẹni tó bá wọlé lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ kànga ló máa ń ra èyí tó wọ́n jù, tí ewu rẹ̀ kò sì dín kù.

Èyí tó ti rí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń díjú jù, torí “a ti rí gáàsì” ní àtẹ̀gùn mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé gáàsì hàn nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga. Èyí kò tó nǹkan. Èkejì ni pé irinṣẹ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga fi àpáta tó ní gáàsì hàn, pẹ̀lú bí ó ṣe nípọn tó. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n gba gáàsì díẹ̀ jáde láti inú àpáta náà, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹrin ni pé gáàsì fúnra rẹ̀ ṣàn dé òkè. Ìkéde kan lè kún fún ayọ̀ kó má sì ju àtẹ̀gùn kìíní lọ.

Bí wọ́n bá ní ó ṣàn, ẹ wá ohun mẹ́rin nínú ìkéde: iye rẹ̀ lóòjọ́, bí ẹnu àbájáde tí wọ́n ń pè ní choke ṣe fẹ̀ tó, wákàtí mélòó ló fi ṣàn, àti ìfúnpá. Ìdá 64 nínú íǹṣì kan ni wọ́n fi ń díwọ̀n choke. Kànga tó ṣàn ní mílíọ̀nù 10 ẹsẹ̀ kúbíìkì lóòjọ́ lẹ́nu 24/64 sàn ju èyí tó ṣe irú rẹ̀ lẹ́nu 64/64, torí èyí àkọ́kọ́ ṣì ní agbára nínú. Iye tó ga jù ní wákàtí àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí kànga máa ń mú jáde lọ́dún kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í pa, ìfúnpá gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà. Bí kò bá padà, àpò kékeré ni wọ́n bá, ó sì ti ń gbẹ níṣojú wọn. Bí ìkéde bá dárúkọ iye nìkan tó sì dákẹ́ lórí ìfúnpá, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kà.

Kànga kan kò sì tó. Ní Anchois, lójú òkun Mòrókò, ilé-iṣẹ́ Chariot bá gáàsì nínú Anchois-2 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìrètí gbòde kan. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ Anchois-3 ní 2024, ohun tí wọ́n bá kò tó ohun tí wọ́n ti retí. Kànga kejì tàbí ìkẹta ló ń sọ bí ibùdó náà ṣe gbòòrò tó, nígbà mìíràn ó máa ń sọ pé kò gbòòrò.

Lẹ́yìn náà ni ìṣòro tó jẹ́ ti gáàsì gan-an. Epo rọ̀bì ṣeé dà sínú àgbá, kí ọkọ̀ gbé e lọ. Gáàsì ń fẹ́ páìpù, tàbí ilé-iṣẹ́ tó máa mú un tutù dé ìwọ̀n −162°C kó tó di olómi, tàbí kí wọ́n fún un mọ́ inú àgbá irin tó lágbára fún ọkọ̀ ilẹ̀. Ti olómi náà ń gba owó tó kọjá agbára ibùdó kékeré, àfi kí ó so mọ́ iṣẹ́ ńlá tó wà nítòsí. Ẹ wo máìlì tó wà láàárín kànga àti páìpù tó ti wà nílẹ̀. Ẹ wo ohun tó dà pọ̀ mọ́ gáàsì: ọ̀pọ̀ páìpù kì í gba CO2 tó ju ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, H2S, gáàsì olóró kan, sì ń jẹ irin, ó tún ń pa èèyàn. Yíyọ wọ́n kúrò ń náni lówó gan-an. Ẹ tún wo oníbàárà: ṣé ó ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dè é láti sanwó bó tilẹ̀ kọ̀ láti gba gáàsì, àbí ìwé ìfẹ́-inú lásán ni? Báńkì kì í yáni lówó lórí ìfẹ́-inú.

Èyí tó ń tà

Ìṣirò ló kù níbí. Ká ní ó ń ta mílíọ̀nù 5 ẹsẹ̀ kúbíìkì lóòjọ́, ní dọ́là 6 lórí ẹgbẹ̀rún kan. Dọ́là 30,000 lóòjọ́ nìyẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó ìjọba, owó páìpù, owó òṣìṣẹ́ àti èlé gbèsè. Bí 2P bá jẹ́ 15 Bcf, ẹ pín in fún 1.8 Bcf tó ń jáde lọ́dún, ọdún mẹ́jọ ló kù. Ẹ yọ owó tí wọ́n máa fi dí kànga pa nígbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ kékeré máa ń fẹ́ kó wà lójú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Àmì búburú tó ṣe kókó ni omi: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá gáàsì jáde, kànga lè rì kó sì dákẹ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Iye ìpín àti owó ọwọ́

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ olùdókòwò ń jiyàn lórí Bcf nígbà tí ìpín tuntun ń bomi la tiwọn. Ká ní ilé-iṣẹ́ ní 100 Bcf àti mílíọ̀nù 500 ìpín. Ìpín kan ní 200 ẹsẹ̀ kúbíìkì. Wọ́n tún ta mílíọ̀nù 500 kí wọ́n lè gbẹ́ kànga. Ó di 100. Bí kànga náà tilẹ̀ mú gáàsì di ìlọ́po méjì, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣì wà.

Ẹ wá owó ọwọ́ wọn nínú ìròyìn tó jáde kẹ́yìn, ẹ pín in fún ohun tí wọ́n ń ná lóṣù. Mílíọ̀nù 3 dọ́là pẹ̀lú 400,000 lóṣù jẹ́ oṣù méje àti ààbọ̀. Bí kànga bá kù oṣù mẹ́wàá, wọn yóò ta ìpín kó tó dé, ní iye tó rẹlẹ̀ sí ti ọjà. Ẹ ka warrant, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín tuntun lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti dá, mọ́ iye ìpín. Gbèsè tó léwu jù ni èyí tí ayánilówó lè sọ di ìpín ní iye tó lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn: bó ṣe ń tà ni iye ń wálẹ̀, bí iye ṣe ń wálẹ̀ ni ìpín tó ń gbà ń pọ̀ sí i. Ẹ sá fún un.

Alájọṣe sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó kànga láti gba ìdá 30 nínú ìwé àṣẹ náà, ó ti yẹ àwòrán abẹ́ ilẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tirẹ̀, ó sì fi owó tì í lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń wá alájọṣe fún ọdún mẹ́ta láìrí, àwọn tó mọ̀ ti wò ó, wọ́n sì ti kọjá lọ.

Ìjọba

Ní England, wọ́n dá fífọ́ àpáta fún gáàsì (fracking) dúró ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n gbà á láàyè ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n tún dá a dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní Netherlands, ibùdó gáàsì Groningen tí wọ́n rí ní 1959 di títì pa nítorí ilẹ̀ tó ń mì. Ìwé àṣẹ pẹ̀lú ní ọjọ́ tó máa parí: bí wọn kò bá gbẹ́ kànga tí wọ́n ṣèlérí, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ìjọba.

Kí ẹ tó rà

Ẹ wá ìròyìn Competent Person, ìyẹn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tó ṣírò gáàsì rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ ìròyìn náà. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta kò mọ kànga tó gbẹ lọ́dún tó kọjá. Lórí AIM, ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá yẹ ìkéde nípa gáàsì wò gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí ọdún márùn-ún ó kéré tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ìpín di púpọ̀ pẹ̀lú iye wọn lọ́jà, ẹ fi gbèsè kún un, ẹ yọ owó ọwọ́, ẹ wá pín in fún Bcf net tó jẹ́ 2C tàbí 2P. Ìgbà yẹn ni ẹ lè fi ilé-iṣẹ́ méjì wéra, àmọ́ ẹ má fi 2U ọ̀kan wé 2P èkejì láé.

Fún èyí tó ṣì ń wá, owó tó lè di òfo lọ́jọ́ kan láìba oúnjẹ ilé jẹ́ nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ kọ iye tí ẹ máa tà, àti ìdá tí ẹ máa tà kí èsì tó jáde, sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti wà lórí kànga, ìfura àti ayọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ìṣirò yẹn mọ́.