Àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn márùn-ún tó ta yọ: iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Bí líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá parí, tí wọ́n sì ti dìbò yan àwọn márùn-ún tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà, ife kan ṣoṣo ò lè kárí wọn. Kálukú gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé lọ sílé. Mẹ́wàá ni èyí tí à ń yẹ̀ wò yìí, márùn-ún fún ẹgbẹ́ kìíní, ìyẹn àwọn tó ta yọ jù, márùn-ún fún ẹgbẹ́ kejì tó tẹ̀ lé wọn, ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà ló ṣe é. Iṣẹ́ wọn mọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má san owó tán láìtíì fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ.

Acrylic, ike tó dà bí gíláàsì, tó nípọn tó mìlímítà 10 ni wọ́n lò, oríṣi tí wọ́n ń dà, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Iná laser tí wọ́n fi ń gé e, tí wọ́n sì fi ń fín in, ló máa ń tú àṣírí àwọn méjèèjì: ti dídà á funfun bí ẹfun níbi tí wọ́n bá fín, èèyàn á kà á láti ọ̀ọ́kán, lẹ́tà ara ìkejì á mọ́ gaara, kò ní hàn. Ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀ lórí àtẹ. Ẹ ní kí wọ́n fín lẹ́tà kan sára àjákù kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Orúkọ ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo Ọ̀ṣúndélé. Bí irú lẹ́tà tí wọ́n yàn kò bá ní àmì Yorùbá, àpótí òfìfo kékeré ni kọ̀ǹpútà máa gbé sí ipò Ọ̀, tàbí kí àmì ohùn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún lè hàn dáadáa níbi tí wọ́n ti yà á, kó sì bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ń darí laser. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di curves, ìyẹn ìlà yíyà lásán tí kò nílò irú lẹ́tà kankan mọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe bẹ́ẹ̀, inú wa sì dùn sí i. Kí lẹ́tà má kéré jù: ní mìlímítà 4, tótó abẹ́ ṣ ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mìlímítà 8 ló tẹ́ wa lọ́rùn. Àwòrán orí WhatsApp nìkan ò tó. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé bó ṣe máa tóbi gan-an, kí kóòṣì agbábọ́ọ̀lù náà buwọ́ lù ú.

Ẹ má kọ ipò agbábọ́ọ̀lù sí i. NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ti ń yan irú ẹgbẹ́ yìí láti sáà 1946–47, fi ipò dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún: gáàdì méjì, fọ́wọ̀ọ̀dù méjì, sẹ́ńtà kan. Sẹ́ńtà ni Hakeem Olajuwon tiwa fi wọ ẹgbẹ́ kìíní lẹ́ẹ̀mẹfà. Láti 2023–24, wọ́n ti mú ipò kúrò. Ẹ sì ṣe òfìfo kan lé e, torí ìbò lè dọ́gba: bẹ́ẹ̀ ló rí fún Bob Davies àti Dolph Schayes ní 1951–52, ẹni mẹ́fà ló wọ ẹgbẹ́ kìíní.

Pákó dúdú ni ìdí rẹ̀, síkúrù méjì ló sì gbé acrylic dúró láti abẹ́. Ó sàn ju súpá gúlù lọ fíìfíì, nítorí èéfín gúlù máa ń fi àbààwọ́n funfun sílẹ̀.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni sípírítì tí wọ́n fi nu èéfín laser kúrò. Bí sípírítì bá kan etí tí laser gé, ó máa ń sán tínrín-tínrín. Méjì sán bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ wọn láìjiyàn. Omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ béèrè bóyá inverter ló ń gbé ẹ̀rọ náà, nítorí bí iná bá lọ lójijì, ojú ibi tí wọ́n ti padà bẹ̀rẹ̀ máa hàn.

Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé, iṣẹ́ ìnáwó ló ń gba ẹ̀rọ wọn. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ gbé tiyín lọ, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ayẹyẹ. Kí wọ́n fi fóòmù wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí acrylic rọ̀ ju gíláàsì lọ: bí méjì bá ń ha ara wọn nínú páálí láti Òkè-Fìà dé pápá, àpá á hàn.