Báà àti ṣéènì tuntun fún ẹ̀rọ ìgégi: ṣéènì wù mí, báà ni ẹjọ́ wà

Báà (irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń yí ká) oní-íńṣì 16 àti ṣéènì rẹ̀ ni mo rà pọ̀, torí ojú ọ̀nà tí ṣéènì ń gbà lára báà àtijọ́ ti jẹ débi pé ṣéènì ń mì nínú rẹ̀, igi tí mo bá sì gé máa ń wọ́. Ìwé tó bá a wá kò sọ ohun tí ẹni tó ń rajà fẹ́ mọ̀ jù: gígùn báà nìkan kọ́ la fi ń ra ṣéènì. Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò lára báà yín níbi tó ti wọnú ẹ̀rọ, ẹ ó rí nọ́ńbà. Tèmi ni 3/8 LP (LP ni irú ṣéènì tí kò ga), .050 àti 56. Àkọ́kọ́ ń sọ bí àwọn rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré tó so ṣéènì pọ̀, ṣe jìnnà síra. Èkejì ni bí eyín ìsàlẹ̀ tó ń wọnú báà ṣe nípọn tó, nǹkan bíi mìlímítà 1.3, ẹ̀kẹta ni iye eyín ìsàlẹ̀ yẹn. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ má wulẹ̀ fipá wọ̀ ọ́.

Igun eyín ṣéènì yìí rí róbótó díẹ̀, kò ṣe ṣóńṣó. Nínú igi tó mọ́, onígun ṣóńṣó yá jù ú lọ, kò síyè méjì. Ṣùgbọ́n èèpo igi tí mo ń gé kún fún yanrìn, ibẹ̀ sì ni eléyìí ti gbayì: mo gé títí, ohun tó ń fọ́n jáde ṣì ń ya pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, eyín ti kú nìyẹn. Ẹ má tẹ ẹ̀rọ mọ́ igi, ẹ pọ́n ọn. Fáìlì róbótó mìlímítà 4 ló bá a mu. Kí gbogbo eyín gùn dọ́gba o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gegele kékeré iwájú eyín kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi mìlímítà 0.65 relẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá fi fáìlì rẹ́ ẹ jù, ẹ̀rọ á máa gbá igi mú, á sì máa ta.

Ní ti báà, ihò ọ́ìlì rẹ̀ kéré, ìyẹ̀fun igi tètè ń dí i, orí báà á wá gbẹ, á gbóná. Mo máa ń na orí rẹ̀ sókè pépà funfun, kí n fún un níná díẹ̀: tí ọ́ìlì ò bá ta sórí pépà, ó ti dí nìyẹn. Mò ń dojú rẹ̀ dé lóòrèkóòrè kí etí méjèèjì lè jẹ dọ́gba, síbẹ̀ ó tètè yọ irin wẹ́wẹ́. Ṣéènì nìkan ni n ó tún rà.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ṣéènì náà ń dín ìtapadà kù. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pa á run. Bí apá òkè orí báà bá kan igi nígbà tí ṣéènì ń yí, ẹ̀rọ á fò sójú ẹni kí ọwọ́ tó lè ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò òsì fi gbọ́dọ̀ ká ìdìmú iwájú, tí a kì í sì í gbé e ga ju èjìká lọ gégi. Ṣòkòtò ìdáàbòbò náà pọn dandan: òwú inú rẹ̀ á wé mọ́ wíìlì tó ń yí ṣéènì, á dá a dúró.

Ṣéènì tuntun máa ń nà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó fà á le: kó fara mọ́ abẹ́ báà, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sì lè fà á yí. Bó bá jẹ́ ìgbà tó gbóná lẹ fà á, ẹ dẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ pamọ́, torí tó bá tutù á sún kì, á sì máa fa irin inú ẹ́ńjìnnì.