Ẹ ṣọ́ra fún "lọ́yà" tó ní òun ń gba owó ṣíà àtijọ́ padà ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ṣíà báǹkì ní 2007 àti 2008, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Ọkùnrin kan wà nítòsí ọjà Sábó tó ń pe ara rẹ̀ ní lọ́yà. Ó ní òun á bá yín gba owó ṣíà tó ti kú padà lọ́wọ́ AMCON, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báǹkì. Irọ́ ni! Gbájúẹ̀ ni! ₦270,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, mi ò rí kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú ti ń tì mí tẹ́lẹ̀, kò lè tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Ní 2007, gbogbo ayé ló ń ra ṣíà. Èèyàn á pa ìsọ̀ rẹ̀ tì, á lọ tò sí báǹkì nítorí fọ́ọ̀mù. Mo yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra ti báǹkì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ ẹ̀ rí i, àwọn báǹkì ń yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, àwọn kan tiẹ̀ ń dọ́gbọ́n fi owó ara wọn ra ṣíà tiwọn. Oṣù kẹta 2008 ni ọjà náà dé góńgó, ló bá wó. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì da ₦420 bílíọ̀nù sínú àwọn báǹkì náà kí wọ́n má bàa kú. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì mẹ́ta. Tèmi wà níbẹ̀. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ ò sọnù. Tiwa tá a ra ṣíà, òfìfo.

Ṣé ẹ rí gbogbo ìtàn yìí? Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n lórí jù mí lọ! Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí Cecilia Ibru?" Mo ní mo rántí, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà báǹkì tí Sanusi yọ ni. Ní 2010 ni wọ́n rán obìnrin náà lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gba dúkìá tó tó ₦191 bílíọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Ó wá ní wọ́n ti ta àwọn ilé náà, ẹ̀yin onísíà ni wọ́n fẹ́ pín owó rẹ̀ fún. Ibi tí irọ́ ti wọlé nìyẹn. Ó fi òótọ́ pọ́n irọ́ bí ẹní pọ́n mọ́ínmọ́ín, èmi náà sì jẹ ẹ́ tewé-tewé.

Mo lọ tú àpótí. Sátífíkéètì náà wà lábẹ́ léèsì ìgbéyàwó mi, ó ń rùn káńfọ̀, eku ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó ní AMCON fẹ́ rí ojúlówó rẹ̀. Ó wọ kọ́là funfun tí àwọn lọ́yà máa ń wọ̀. Lọ́sàn-án gangan! Nínú ọ́fíìsì tí kò ní fáànù! Lọ́yà wo ló ń wọ kọ́là jókòó nígbà tí kò lọ sí kóòtù? Kò yẹ kí n ti fura?

₦35,000 fún fọ́ọ̀mù, mo san. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ₦85,000 fún ìwé ìbúra ní kóòtù gíga, mo san. Ló bá pè mí lóru, ó ní ẹ kú oríire, ₦4.3 mílíọ̀nù ti jáde, owó orí nìkan ló kù, ₦150,000. Owó orí lórí owó tí mi ò tíì fojú rí! Mo tún san, owó tí mo fẹ́ fi kó ọjà Iléyá. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló bi mí pé, "Ìyá mi, kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ nínú rẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojúkòkòrò ni o. Mi ò ṣe MMM, owó ìlọ́po yẹn, ní 2016. Mi ò ṣe CBEX tó jọ ọ́ ní 2025 nígbà tí gbogbo àdúgbò ń pariwo rẹ̀. Owó tèmi ni mo ń wá. Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé, tí wọ́n ní wọ́n ti rí i, ṣé kò ní sáré lọ ni? Àmọ́ èmi náà ni mo mú ìyá aláta kan àti àǹtí kan láti Ẹbúté lọ bá a. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Mo bi í ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà lára ògiri, nínú férémù gíláàsì, ojúlówó sì ni! Lọ́yà gidi kan ní Igbógbó ló wá là mí lóye. Ó ní ìwé CAC dà bí ìwé ọjọ́ ìbí, kò sọ pé ọmọ náà ò ní jalè. Iṣẹ́ ṣíà, SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ṣíà, ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ó tún ní lójú òfin, ilé iṣẹ́ dá dúró, ẹni tó dá a sílẹ̀ náà dá dúró. Gbèsè ilé iṣẹ́ kì í ṣe ti ẹni náà, àfi tí kóòtù bá rí i pé jìbìtì ni wọ́n fi ṣe, kó tó ká aṣọ kúrò lójú ẹni tó sá sẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ! Èmi tí mo ti ń ta ańkárá láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn!

Èyí tó dùn mí jù ni pé bí báǹkì bá kú, àwọn tó fi owó pamọ́ àtàwọn tó jẹ ní gbèsè ló máa kọ́kọ́ gbà. Onísíà ló kẹ́yìn ìlà. Bí gbèsè bá ti ju ohun ìní lọ, kò sí nǹkan tó máa kàn án. Ta ló sọ fún wa nígbà tá a ń tò nínú oòrùn? Oṣù mẹ́fà péré lẹ́wọ̀n fún Cecilia Ibru! Ẹni tó jí fóònù ní gáréèjì, wọ́n á ti lù ú kí ọlọ́pàá tó dé.

Ó dáa. Ẹ wo orúkọ ẹni tó bá ní òun ń ṣe iṣẹ́ ṣíà lórí ìkànnì SEC. Lọ́yà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà. Ẹ má san owó kẹ́ ẹ tó gba owó. Ẹ má fi ojúlówó sátífíkéètì sílẹ̀. Tí báǹkì yín bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ lọ bá rẹjísítírà báǹkì tuntun náà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ní ṣíà, fúnra yín.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, àtoníbáǹkì àti lọ́yà. Alájọ tó ti ń gba àjọ mi fún ọdún mọ́kànlá, láàárọ̀ àná ni mo ní kó kó tèmi wá. Ó wò mí, ó ka owó náà sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa.

Ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ti wà ní títì báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi nọ́ńbà tuntun pè, ó ní ₦20,000 ló kù. Àwa mẹ́ta ń lọ kọ ẹ̀sùn lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ẹni tó bá ti san owó fún un, kó wá bá mi ní ìlà àwọn aláṣọ ní Sábó kí aago mẹ́jọ tó lù, kó mú rìsíìtì dání.