Ìwé Àlàyé PostgreSQL lórí SIGHUP: Òótọ́ Wà Níbẹ̀, Ó Kàn Fọ́nká Ni

Láàárín àwọn ìwé àlàyé dátábéèsì, ti PostgreSQL wà lára àwọn tí mo máa ń yìn, nítorí pé ó kún, kì í sì í sọ ohun tí kò dájú. Síbẹ̀, apá tí ó kan SIGHUP (síginà tí ń sọ fún sáfà pé kí ó tún fáìlì ìṣètò rẹ̀ kà) àti àṣìṣe inú fáìlì náà nílò àtúnṣe: kò purọ́, àmọ́ ó fọ́n ohun tí òǹkàwé ń wá sí ojúewé tí ó jìnnà síra.

Ẹ wo ẹni tí ó kọ work_mem = 64 MB (iye ìrántí tí iṣẹ́ kan lè lò) sínú postgresql.conf, ìyẹn fáìlì ìṣètò náà, láìfi àmì àyọlò ká iye náà mọ́, tí ó sì pe pg_reload_conf(), àṣẹ tí ń rán SIGHUP. Èsì tí yóò rí ni t (ìyẹn true, “bẹ́ẹ̀ ni”). Ṣùgbọ́n bí ó bá fi SHOW work_mem wádìí, iye àtijọ́ ni yóò bá níbẹ̀. Ohun tí t ń sọ ni pé a ti rán iṣẹ́ náà. Kò sọ pé sáfà jẹ́ ẹ. Ìwé náà sọ èyí lóòótọ́, àmọ́ nínú ìpínrọ̀ tí ó ṣáájú tábìlì tí pg_reload_conf() wà ni, níbi tí ẹni tí ń kánjú kì í wò.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé orí tí ó ṣàlàyé ìṣètò sáfà kàn sọ pé iye tí kò tọ́ ni a óò fò, tí a óò sì kọ ọ́ sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ sáfà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí bí ẹni náà bá kọ 64mb, nítorí pé lẹ́tà kékeré kò bá orúkọ ìwọ̀n mu: ìlà yẹn nìkan ni sáfà yóò fi sílẹ̀, yóò gba ìyókù. Ṣùgbọ́n 64 MB tí kò ní àmì àyọlò jẹ́ àṣìṣe nínú ìhun fáìlì fúnra rẹ̀, sáfà kò sì ní gba àyípadà kankan tí ó wà níbẹ̀, títí kan àwọn tí kò lábùkù. Ojúewé pg_file_settings ni mo ti rí ìyàtọ̀ yìí kà. Ohun èlò yìí, tí ó ti wà láti ẹ̀dà 9.5, ń fi ìlà tí ó ní àṣìṣe hàn kí a tó rán síginà rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, torí pé sáfà tí ń ṣiṣẹ́ yóò máa lo iye àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá pa á tí a sì fẹ́ tún un tàn, àṣìṣe yẹn kan náà kò ní jẹ́ kí ó dìde. Gbólóhùn méjì lábẹ́ pg_reload_conf(), ọ̀kan lórí ìtumọ̀ t, èkejì lórí ìgbà tí gbogbo fáìlì ń di kíkọ̀, ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un.