Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra Hilux àtijọ́: ẹ wo bóòtì ọ́ìlì kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Hilux àtijọ́, ì báà jẹ́ tokúnbọ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí, ọ̀dà tuntun, ojú lásán ni. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Bóòtì kékeré tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù nídìí sọ́ǹpù (agbada ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì) ni àwọn oníjìbìtì kan ń fara pamọ́ sí.

Bóòtì yìí, M12 × 1.25 (mìlímítà 12 ní fífẹ̀, mìlímítà 1.25 láti eyín kan sí èkejì) ló sábà máa ń jẹ́ lára Hilux, sípánà 14 ló ń tú u. Fífún un kò yẹ kó ju nǹkan bíi 40 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtì) lọ: sípánà kúkúrú, ọwọ́ kan, ó ti tó. Wáṣà ìdí rẹ̀ ló ń fa wàhálà. Ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá da ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ògbólógbòó ni wọ́n ń dá padà. Bó bá ti ń jò, mẹkáníìkì á ki páìpù bọ sípánà, á tún fún un sí i, títí eyín inú nọ́ọ̀tì tó wà lára sọ́ǹpù á fi jẹ. Àwọn mìíràn á ki M12 × 1.5 bọ̀ ọ́ nítorí pé ojú kò tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Á yí díẹ̀, á há, wọ́n á sì fi ipá wọ̀ ọ́.

Oníṣòwò tó fẹ́ tètè tà kò ní tú sọ́ǹpù sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni yóò fi yí ìdí bóòtì ká, yóò sì fi ọṣẹ àti díísù fọ gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tónítóní nígbà tí gbogbo ìyókù ọkọ̀ kún fún ẹrẹ̀, ẹ fura sí i. Àwọn kan ń lo bóòtì tó tóbi ju ihò lọ, tó ń gé eyín tuntun fúnra rẹ̀. Irin tó gé kúrò ń bọ́ sínú sọ́ǹpù. Òmíràn ní bóòtì kékeré láàárín orí ńlá. Èyí tó burú jù ni kí wẹ́dà jó o pa, kí wọ́n máa fa ọ́ìlì gba ihò gèéjì (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì). Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ lè má jáde tán.

Ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi àkísà funfun nu bóòtì, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí rẹ̀ yẹ kó ṣì mú, kí wáṣà sì hàn bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́. Bí sípánà 14 kò bá bá a mu, tí orí rẹ̀ sì ti rí róbótó, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ohun tó ṣẹlẹ̀. (Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé o.)

Lẹ́yìn náà, kí ọ́ìlì tutù díẹ̀, kí mẹkáníìkì tiyín tú u. Ẹ gbé ọ́ìlì tuntun, fílítà àti wáṣà dání, ẹ́ńjìnnì 2.7 onípẹtiróòlù ń gba nǹkan bíi lítà 5 àbọ̀ sí 6, gèéjì ni yóò sọ ibi tí ẹ ó dúró. Bóòtì tó dáa, tí sípánà bá ti já a, ìka ọwọ́ ló máa ń tú ìyókù. Bí sípánà bá ń bá a jà títí dé òpin, tàbí tó ń yí lásán láìjáde, eyín ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá irin wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó tú u, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bó bá jẹ́ bóòtì yìí nìkan ni àbùkù rẹ̀, ẹ lè rà á. Ẹ bèèrè iye sọ́ǹpù ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, kí ẹ tó nájà, kí ẹ yọ owó rẹ̀ àti owó iṣẹ́ kúrò. Ti oní-4x4 máa ń gbówó lórí jù, nítorí dífù iwájú (àpótí jíà tó ń yí táyà iwájú) sábà máa ń dí ọ̀nà sọ́ǹpù.